Ẹbí ló wá iṣẹ́ fún wọn ní Gáná, ìwé ló gbà á lọ́wọ́ wọn

Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìkéde náà jáde ní Gáná. Àlejò yòówù tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ́wọ́, kó yáa lọ gbà á láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó di ẹrù ẹ̀ kó máa lọ sílé. Ọjọ́ 14 péré! Ẹni tó ti lo 30 ọdún nílùú, tó bímọ síbẹ̀, tó kọ́lé síbẹ̀, tó sìnkú bàbá ẹ̀ síbẹ̀, iye ọjọ́ kan náà ni wọ́n fún òun àti ẹni tó dé lánàá.

Dókítà Kofi Busia ni olórí ìjọba Gáná nígbà náà, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta tó débẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ọ̀dọ́ Gáná ò ríṣẹ́ ṣe, pé àlejò ló gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bóyá ẹ̀yin náà tilẹ̀ ti sọ ọ́ rí, nígbà tí àjèjì kan wá tẹ́ ọjà tiẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yín.

Àwọn Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yìí bá jù lọ, kì í ṣe ará Èkó, kì í ṣe ará Ìbàdàn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ará Ọ̀ffà, ará Ìlọrin, àti àwọn ará Òkè-Ògùn: Ìgbòho, Ṣakí, Ìgbẹ́tì. Nígbà tí Gáná ka èèyàn ní 1960, Yorùbá tí wọ́n bá níbẹ̀ tó nǹkan bí 100,000. Ní Tàmálè, ní Yendi, ní Kùmásì, kò sí ọjà ńlá tí èèyàn máa wọ̀ tí kò ní gbọ́ “Ẹ kú ọjà o.”

Kí ló gbé wọn débẹ̀?

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn. Iṣu ń ta níbẹ̀, ọkà bàbà ń gbó, ṣùgbọ́n kòkó ò fẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn àti Oǹdó ń fi owó kòkó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ará Ìgbòho tí òun náà ní owó orí láti san, tó fẹ́ gbéyàwó, tó fẹ́ kan páànù sórí ilé bàbá ẹ̀, ní láti wá owó lọ síbòmíràn. Owó kòkó náà ni ọ̀pọ̀ wọn tún lọ bá ní Gáná. Àmọ́ kì í ṣe oko ni wọ́n lọ ro. Ọjà ni wọ́n lọ tà fún àwọn tí owó kòkó wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀nà ọ̀hún kì í ṣe ọ̀nà tuntun. Kí òyìnbó tó dé ni oníṣòwò ti ń gba Nikki, Pàràkú àti Jùgú kọjá, tí wọ́n ń lọ sí Yendi àti Salaga lọ ra obì. Òyìnbó wá fa ààlà sáàárín: Faransé mú Dàhòmì, Jámánì mú Tógò. Ẹsẹ̀ ò tìtorí ẹ̀ dúró. Aṣọ òfì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń rù lọ, ẹ̀yin ahunṣọ Ìsẹ́yìn, ẹ gbọ́ o! Nígbà tó yá, rélùwéè dé Kùmásì ní 1903, lọ́rì tẹ̀ lé e, ọ̀nà wá yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ríṣẹ́

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ti Ṣakí tàbí Ìgbòho dé Tàmálè kì í gbé ìwé ẹ̀rí kiri ọ́fíìsì. Kí ni ì bá tilẹ̀ gbé kiri? Púpọ̀ wọn ò kàwé. Kò gbọ́ Dàgbání, kò gbọ́ Twi. Bó bá gbọ́ Háúsá díẹ̀, ìyẹn á ràn án lọ́wọ́, torí Háúsá ni wọ́n fi ń nájà lápá ibẹ̀ yẹn. Orúkọ èèyàn kan ṣoṣo ló mú lọ́wọ́: ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tàbí àbúrò bàbá ẹ̀, tàbí ọmọ ìlú ẹ̀ kan tí ìyá ẹ̀ ní kó béèrè bó bá ti wọ ọjà.

“Ẹ kúulé o, bùọ̀dá. Ìyá ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín.”

“Ẹ̀n-ẹ́n, káàbọ̀. Ará ilé ńkọ́? Bàbá ńkọ́? Ó yá, wá jẹun.”

Ó tán. Ó ti ríṣẹ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbé igbá rù ú: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ìṣáná, àgádágodo, bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Á máa kiri abúlé dé abúlé. Owó tó bá pa, ti bùọ̀dá ni. Bó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á fún un ní kẹ̀kẹ́, á wá lè máa dé ọjà tó jìnnà. Kò sí owó oṣù. Oúnjẹ wà, aṣọ wà, ibi tí yóò sùn wà. Ọdún mélòó kan ni yóò fi sìn bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà bùọ̀dá á fún un lówó tàbí kó kó ọjà àwìn fún un, kí òun náà dá dúró. Bó bá sì dá dúró tán, àbúrò tiẹ̀ náà á ti máa bọ̀ láti ilé.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ètò yìí ò lè ṣàjèjì sí yín. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni, àfi pé kò sí fíríídọ̀mù níbẹ̀, kò sí ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n dá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń wọlé. Bí bùọ̀dá bá jẹ́ ahun ńkọ́? Bó bá ní “ó ku ọdún kan sí i” lọ́dọọdún ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀, ó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Òmíràn á bínú jáde, á lọ bá ọmọ ìlú mìíràn. Òmíràn á gbé ẹjọ́ lọ sí ìpàdé, torí ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ tiẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ló ń parí ìjà, òun ló ń dá owó bí ẹnì kan bá kú, òun náà ló sì ń rán owó wálé bí wọ́n bá ń kọ́ ilé-ìwé nílùú. Àwọn Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ìjọ tiwọn dání lọ, àwọn Mùsùlùmí náà gbé tiwọn dání.

Àwọn obìnrin ò jókòó lásán o jàre. Bí ìyàwó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, ọkọ á fún un lówó ìṣòwò. Lẹ́yìn ìyẹn, àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Owó tó bá jèrè, tiẹ̀ ni, ọkọ ò gbọdọ̀ nawọ́ sí i. Àwọn kan ń ta oúnjẹ, àwọn kan ń ta ata, àwọn mìíràn ga débi pé wọ́n ní ìsọ̀ tiwọn nínú ọjà, tí àwọn náà ń gba ọmọ sọ́dọ̀ láti ilé.

Ibi tó ti jò

Gbogbo ètò yìí lágbára. Ó gbé ẹni tí kò lówó, tí kò kàwé, tí kò gbédè, débi tó ti di ọlọ́jà ńlá, láìsí kọ́bọ̀ ìjọba nínú ẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló ti jò: kò sí ìwé níbẹ̀.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣèjọba lórí Góòlù Kóòsì àti Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó ń bi ará Ìgbòho pé pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ dà. Gáná gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957, Nàìjíríà gbà á ní 1960, ẹni tí kò kúrò níbi tó jókòó sí wá di àjèjì lórí àga ẹ̀. Ní 1963 Gáná ṣe òfin àlejò, ó ní kí wọ́n gba ìwé ìgbélùú. Ta ló kà á sí? Ìjọba fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n bí sí Tàmálè ò tilẹ̀ mọ̀ pé àlejò lòun.

Ìgbà tí ìkéde 1969 wá dé, kí wọ́n tó lè gba ìwé ìgbélùú, wọ́n gbọ́dọ̀ ní pásípọ́ọ̀tù. Kí wọ́n tó lè ní pásípọ́ọ̀tù, wọ́n gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì Nàìjíríà ní Accra. Láti Tàmálè sí Accra kì í ṣe ìrìn ọ̀sán kan. Èrò tó wà níwájú ọ́fíìsì náà ò lóǹkà, ọjọ́ sì ń lọ. Ọ̀pọ̀ dá aápọn ìwé dúró, wọ́n ní ká kúkú máa lọ. Nàìjíríà tí wọ́n sì ń bọ̀ wá bá yìí, ogun abẹ́lé ò tíì parí níbẹ̀.

Ohun tó dun ọlọ́jà jù, àwìn ni. Àwìn ni wọ́n fi ń ta ọ̀pọ̀ ọjà, bí àwọn Òṣómàáàló Ìjẹ̀ṣà ti ń ṣe nílé níbí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, ta ló máa san? Onígbèsè tó bá ti gbọ́ pé o ò ní pẹ́ lọ, ó kàn á yẹra fún ọ ni. Ẹni tó ní ìsọ̀, tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ní ilé, ní láti tà á fún ẹni yòówù tó bá yọjú, ní iyekíye tó bá dá. Lọ́rì kún, ó gba Tógò, ó gba Dàhòmì, ó ń bọ̀. Àwọn ọmọ tó wà nínú lọ́rì ń sọ Twi àti Dàgbání, ìlú tí wọ́n ń pè nílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò dé ibẹ̀ rí. Ará Gáná ni wọ́n ń pè wọ́n nígbà tí wọ́n dé. Òmíràn bá ilé tó fi owó Gáná kọ́ nílùú, ó rí ibi forí pamọ́ sí. Òmíràn ò bá nǹkan kan. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ tún fi di ẹrù, wọ́n gba Òkè Ọya lọ, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ ìlú mìíràn.

Àwọn díẹ̀ tó rí ìwé gbà tí wọ́n dúró ńkọ́? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1970, Gáná tún ṣe òfin òwò, ó fi òwò kéékèèké lé ọmọ onílẹ̀ nìkan lọ́wọ́. Ìwé tó ní kí o máa gbé ìlú, kì í ṣe òun ló ní kí o máa tajà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí, títí di òní, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó kan Nàìjíríà

Kí ẹnikẹ́ni má tíì bú Busia tán. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, lábẹ́ ìjọba Alhaji Shehu Shagari, Nàìjíríà náà ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ wọn! Àwọn ọmọ Gáná tó bọ́ sójú ọ̀nà lé ní mílíọ̀nù kan: bíríkìlà, télọ̀, oníṣẹ́ bàtà. Báàgì ńlá alápótí-àpótí tí wọ́n di ẹrù sí, ẹ̀yin náà mọ orúkọ tó ń jẹ́ lọ́jà títí dòní. Ọ̀pọ̀ tísà ọmọ Gáná ló ti kọ́ àwọn ọmọ Òkè-Ògùn ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láwọn ilé-ìwé girama, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jẹ́ kí ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ lọ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní 1985, wọ́n tún lé àwọn mìíràn.

Ẹni tó fẹ́ lọ lónìí ńkọ́? Wọ́n dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní 1975. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1979 jẹ́ kí ọmọ ìlú kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. 90 ọjọ́ ìwọlé ni o. Ẹni tó fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú, ẹni tó sì fẹ́ ṣòwò gbọ́dọ̀ béèrè òfin òwò ìlú náà lọ́tọ̀. Òfin tí Gáná ṣe ní 2013 fi títa ọjà nínú ọjà, ìkiri, ṣíṣe irun obìnrin, gígẹ irun, àti títa omi inú ọ̀rá lé ọmọ Gáná nìkan lọ́wọ́. Àlejò tó bá fẹ́ ra ọjà kó sì tà á, òfin náà ní kó kó mílíọ̀nù kan dọ́là wá, kó sì gba 20 ọmọ Gáná síṣẹ́. Mílíọ̀nù kan dọ́là! Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ti ìsọ̀ ọ̀pọ̀ oníṣòwò Nàìjíríà pa ní Kùmásì àti Accra ní 2019 àti 2020. Àwọn yẹn ń ké pe ECOWAS, àwọn onílé ń na òfin tiwọn síta. Òfin a sì máa yí padà. Ẹni tó bá ń gbéra báyìí, kó béèrè ibi tó dé dúró lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tó ta ilẹ̀ bàbá ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọwọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ẹ̀, kó mú un dání. Kí orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù àti ti inú ìwé ẹ̀rí bára mu.

Nílé níbí, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti ọmọ Tógò pọ̀ lóko Òkè-Ògùn. Wọ́n ń kọ ebè iṣu, wọ́n ń ro oko, ọ̀gá tó kó wọn wá ló ń bá olóko sọ̀rọ̀ owó. Lópin ọdún ni wọ́n ń san án fún ọ̀pọ̀ wọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gba alùpùpù dípò owó, wọ́n á gùn ún padà lọ sílé. Ọmọ náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá dé Ṣakí, orúkọ ọmọ ìlú ẹ̀ kan ló ń béèrè, bóyá nọ́ńbà fóònù wà pẹ̀lú ẹ̀. Bí olóko bá jẹ ẹ́ lówó, bó ti ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn, ọ̀gá ẹ̀ nìkan ló lè bá a sọ ọ́. Kò sí ìwé kankan láàárín wọn.