Ìkíni Àti Ìpolówó Lórí WhatsApp Ẹgbẹ́ Wa

Ẹ̀yin ará wa ní Kàdúná, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kakuri, ní Tudun Wada, ní Kawo àti ní Sabon Tasha, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ẹ̀sùn ni, àwa fúnra wa sì wà nínú àwọn tí ẹ̀sùn náà kàn.

Ní òru ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, ìyá kan nínú wa kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé ọmọ òun wà ní ilé ìwòsàn, pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un kíákíá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, bàtà, góòlù àti ilẹ̀ títà ti bò ó mọ́lẹ̀. Àwa náà jí ní agogo 6, a gbé àwòrán èlùbọ́ tí ìyàwó ilé wa ń tà lé e lórí, a kò wo ohun tí ó wà lókè, a sì mú ọ̀nà ibi iṣẹ́ rélùwéè pọ̀n. Ọ̀sán ni a tó gbọ́. Ọlọ́run ṣeun, ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò rẹ̀, Háúsá àti Gbagyi, ni ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àwa tí a lé ní 200 lórí WhatsApp, kò sí ẹnì kan. Ojú tì wá.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má tajà. Ọjà ni ó gbé púpọ̀ nínú àwọn baba wa wá sí ilẹ̀ Háúsá. Ẹ rántí àwọn Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san án. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lóṣòó, wọ́n ti mọ ilé, wọ́n ti mọ iṣẹ́ onílé. Ta ni yóò fi aṣọ sílẹ̀ láwìn fún ẹni tí kò mọ̀?

Lóde òní, ìkíni ti di ìwọ̀ ẹja. Arákùnrin kan kí wa kú ọjọ́ ìbí tìlùtìfọn. A kò tíì dáhùn tán tí iye owó ọ̀dà fi dé. (Àwa kò tilẹ̀ ní ilé tí a ó kùn.) Bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ kan wà láàárín wa, kì í pa ìkíni jẹ, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ iṣẹ́ rẹ̀. A bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún 2, aṣọ ẹbí wa sì lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó dùn ún, ó sì dùn wá.

Láti ọdún 2017 ni WhatsApp ti ní ibi tí a ń fi àwòrán sí fún wákàtí 24, tí wọ́n ń pè ní status. Ẹni tí ó bá fẹ́ ni yóò ṣí i. Ní ọdún 2018 ni wọ́n gbé ti oníṣòwò, WhatsApp Business, jáde, tí a lè to ọjà sí bí ẹni tó àtẹ. Ibẹ̀ ni ìyàwó ilé wa kó lọ. Lọ́jọ́ mìíràn kò ní polówó rárá: yóò fi bí a ti ń ro àmàlà tí kò ní kókó hàn, yóò dá àwọn ìyàwó tuntun lóhùn. Nígbà tí ó bá fẹ́ tà, yóò sọ ọ́ gbangba pé ọjà ni, iye rẹ̀ nìyí. Kò fi ìkíni bò ó. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò dín kù.

Nínú ìpàdé tó kọjá, ẹgbẹ́ fi ọjọ́ Sátidé nìkan sílẹ̀ fún ìpolówó. Àwọn ẹlẹ́ja ń kùn pé ẹja tútù kì í dúró de Sátidé. Òótọ́ ni, a ó tún un gbé yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ Àìkú a lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà ní Kakuri. Èlùbọ́ mudu 2 ni a gbé dání, a kò sì dárúkọ owó. Nígbà tí a ń dìde ni òun fúnra rẹ̀ bèèrè iye tí mudu kan jẹ́.