Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ṣíà àádọ́ta kọ́bọ̀, ẹ wá wo bí ìpín yín ṣe ń tínrín!

Nígbà tí ṣíà ń ta wàràwàrà láàárín ọdún 2006 sí 2008, ta ni kò fẹ́ di oníṣíà? Tíṣà ń yá owó kóópù, ìyálọ́jà ń kó àjọ, gbogbo wọn ló ń sáré lọ bá burókà. Oṣù kẹta ọdún 2008 ni òṣùwọ̀n ọjà ṣíà Nàìjíríà kọjá 66,000. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló kù. Ọ̀pọ̀ ṣíà ló já wá sórí 50 kọ́bọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì kú sí, torí òfin ọjà ìgbà yẹn ò gbà kí wọ́n tà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n tó yí i padà pé ṣíà lè já dé kọ́bọ̀ kan.

Àwọn tó ń kó irú ṣíà bẹ́ẹ̀ jọ máa ń sọ pé, "Ibo ló tún fẹ́ já sí? Ó ti dé ìsàlẹ̀ náà nìyẹn." Ibi tí wọ́n ti ṣì í nìyẹn o. Owó ṣíà lè má já mọ́, kí ìpín ẹni nínú ilé-iṣẹ́ náà sì máa tínrín lọ.

Ká ní èèyàn mẹ́rin dáwó ra dánfó kan. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni tẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì bá kọ̀, owó ò sí, ni wọ́n bá pe èèyàn mẹ́rin míì pé kí wọ́n mówó wá. Wọ́n ti di mẹ́jọ nìyẹn. Bí owó tuntun náà bá tún ọkọ̀ ṣe, tó wá ń pa ìlọ́po méjì owó tó ń pa tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó pàdánù. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n ta ìpín náà, tàbí tí owó náà bá gbèsè lọ tí dánfó ṣì dúró sí gáréèjì, àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ló jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo Unity Bank. Báńkì mẹ́sàn-án ló para pọ̀ dà á lọ́dún 2006. Nígbà tó fi máa di 2014, ṣíà rẹ̀ ti lé ní bílíọ̀nù 38, báńkì sì ń wá owó. Wọ́n gbé bílíọ̀nù 38 míì síwájú àwọn oníṣíà, kan fún kan, ní 50 kọ́bọ̀; èyí tí wọ́n ń pè ní rights issue nìyẹn. Wọ́n tún ta bílíọ̀nù 40 fún àwọn olùdókòwò tí wọ́n yàn. Owó tó wọlé lé ní bílíọ̀nù 39 náírà, ṣíà sì di nǹkan bí bílíọ̀nù 117.

Ẹni tó ní 10,000 ṣíà tí kò ra ọ̀kan kún un, 10,000 náà ló ṣì wà lórí ìwé ẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí i. Ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ nínú báńkì ti di ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kódà, ẹni tó sáré wá 5,000 náírà, tó ra gbogbo èyí tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta péré ló dì mú, nítorí bílíọ̀nù 40 tó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíì.

Lọ́dún 2015, wọ́n tún ká ṣíà jọ: mẹ́wàá di ẹyọ kan. Bílíọ̀nù 117 di nǹkan bíi bílíọ̀nù 11.7, 50 kọ́bọ̀ sì di náírà márùn-ún lórí ìwé. Ẹni tí kò fara balẹ̀ lè rò pé ṣíà ti gbérí. Irọ́ ni! Bí ìgbà téèyàn kó ṣéńjì mẹ́wàá sílẹ̀ gba owó ẹyọ kan ni. Ìkájọ náà fúnra ẹ̀ ò dín ìpín ẹnikẹ́ni kù, ó kàn fún owó ṣíà láyè láti tún jábọ́ ni. Ó sì jábọ́ lóòótọ́. Nígbà tó fi máa di 2020, kò tó náírà kan mọ́.

Ní 2025, àwọn oníṣíà fọwọ́ sí i kí báńkì náà dà pọ̀ mọ́ Providus Bank. Ẹni tó bá fẹ́ owó, 3 náírà 18 kọ́bọ̀ ni wọ́n ní àwọn máa san lórí ẹyọ kan. Ìyẹn ni pé ẹni tó fi 5,000 náírà ra 10,000 ṣíà ní 2014, tó wá di 1,000, 3,180 náírà ló kàn án lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà mọ ohun tí owó méjèèjì lè rà.

Kì í ṣe gbogbo ṣíà tuntun ló burú. Nígbà tí CBN ní kí àwọn báńkì fi kún owó ìpìlẹ̀ wọn ní 2024, báńkì tó ń jèrè náà ta ṣíà tuntun. Ilé-iṣẹ́ tó ti ń rì ni ká bi léèrè pé kí ló fẹ́ fi owó náà ṣe, àti pé ta ló ń tà fún. Òfin CAMA tọdún 2020 ti kọ́kọ́ ní kí ilé-iṣẹ́ fi ṣíà tuntun lọ àwọn tó ti wà nílé ná, kó tó kan ará ìta. Nígbà tó yá, òfin míì ní ilé-iṣẹ́ tí kì í ta ṣíà fáráyé nìkan ló kàn. Ẹni tó ra tiẹ̀ lọ́jà ṣíà, àfi kó máa lọ sípàdé àwọn oníṣíà, kó lọ dìbò. Ẹni mélòó ló ń lọ? Bí lẹ́tà rights issue bá sì dé, tí owó ọjà bá ju iye tí wọ́n fẹ́ tà á lọ, ẹni tí kò lówó láti rà lè ta ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ ni lẹ́tà ọ̀hún kì í bá nílé, torí wọ́n ti kó kúrò ní àdírẹ́sì ọdún 2007.

Ìwé ẹ̀rí àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí àwọn míì, 10,000 ló sì wà lára ẹ̀. Nínú ìwé báńkì, 1,000 ni.