Ta Ló Ní Kí Otis Má Pè Mọ́?

Sóḿbì méje ti ká ọkùnrin kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan nínú mọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́kì-tọ́kì rẹ̀ dún. Otis ni. Otis ni bàbá agbálẹ̀ mọ́ọ̀lù yẹn; yàrá sẹkúríìtì ló jókòó sí, ó ń wo kámẹ́rà, ó sì ti tajú kán rí ẹnì kan tó há sí ibì kan. Bí ìwọ tó ń darí ọkùnrin náà bá gbé ìpè yẹn, o ò lè jà mọ́, o ò sì lè fò, torí wọ́kì-tọ́kì ti gba ọwọ́ rẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ Otis kò ní ohùn. Ojú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹyin iná. Kí o tó ka ìlà kejì, sóḿbì ti di ọrùn rẹ mú, ìpè já. Kò pẹ́, wọ́kì-tọ́kì tún dún. Otis náà ni, ó ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni kéèyàn máa já ìpè mọ́ ẹlòmíràn létí.

Mi ò tíì rí ẹni tó gbá Dead Rising lọ́dún 2006 tí kò ṣépè fún Otis rí.

Ilé iṣẹ́ Capcom ti ilẹ̀ Japan ló ṣe géèmù náà fún Xbox 360, ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ló sì dé ọjà Amẹ́ríkà. Frank West ni akọni rẹ̀, oníròyìn tó ń fi fọ́tò jẹun, tó sì máa ń fọ́nnu pé òun ti lọ ròyìn ogun rí. Ó gbọ́ fìnrìn-fìnrìn pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ní Willamette, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Colorado (ẹ má wá a lórí máàpù, Capcom ló tẹ̀ ẹ́ dó), àwọn ṣọ́jà sì ti dí ọ̀nà ìlú pa. Ó háyà hẹlikọ́pítà, ó bọ́ sílẹ̀ sórí òrùlé mọ́ọ̀lù, ó ní kí awakọ̀ padà wá gbé òun lẹ́yìn wákàtí 72. Ìṣẹ́jú márùn-ún tiwa ni wákàtí kan nínú géèmù. Wákàtí mẹ́fà gbáko ni gbogbo rẹ̀, lójú aago tí kì í wojú ẹnikẹ́ni.

Sóḿbì ni mo ń pè wọ́n, torí Fela ti fi ọ̀rọ̀ náà sí wa lẹ́nu láti ọdún 1976, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́jà ló ń fi bú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n pè wọ́n ní àkúdàáyà. Mo ní rárá o. Àkúdàáyà tiwa á lọ sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, á fẹ́yàwó, á bímọ, á dá ọjà sílẹ̀, ìgbésí ayé rẹ̀ á máa lọ geere títí di ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá ṣàdédé kò ó lọ́nà. Sóḿbì ò ní làákàyè tó bẹ́ẹ̀. Ebi nìkan ló mọ̀. Haiti ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ òkú tó ń wọ́ rìn, tó ń jẹ ẹran èèyàn, ọwọ́ George A. Romero, olùdarí sinimá ará Amẹ́ríkà, ni ayé ti rà á. Inú mọ́ọ̀lù ni Romero ti ya Dawn of the Dead tó jáde lọ́dún 1978, Monroeville Mall ní Pennsylvania. Òru ló ń yà á, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́jà bá ti tilẹ̀kùn.

Capcom mọ̀ pé ojú á wo òun. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí géèmù náà gbangba pé àwọn tó ni fíìmù Romero kò lọ́wọ́ sí i. Èyí kò ní kí àwọn tó ni fíìmù má gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Lọ́dún 2008, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní California da ẹjọ́ náà nù: ó ní kò sí ẹni tó lè sọ pé òun nìkan ló ni èrò pé káwọn èèyàn bá sóḿbì jà nínú mọ́ọ̀lù.

Ohun tí Romero kò fi sí i tó bẹ́ẹ̀, tí Capcom wá rọ́ sí i dé ẹnu, ni yẹ̀yẹ́. Ohun gbogbo tó wà nínú ilé ìtajà ni ohun ìjà. Bẹ́ńṣì ńkọ́? Gbé e. Gìtá ńkọ́? Fọ́ ọ mọ́ wọn lórí. O lè gbé páànù kaná kó o tó fi gbá wọn lójú, o lè fi tírọ́lì súpámákẹ́ẹ̀tì kó wọn lọ bí ẹni ń ti ọmọlanke ní Bódìjà, o sì lè ki ẹnu sáwà ìwẹ̀ bọ àtàrí sóḿbì kí ẹ̀jẹ̀ máa tú yàà bí omi. Tó o bá ya fọ́tò sóḿbì tó fẹ́ gé ọ jẹ, máàkì ń bẹ fún un. Tó o bá mu wáìnì jù, Frank á bì. Tó o bá fẹ́ fi géèmù pamọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni o máa wá lọ.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti aṣọ. Frank lè wọ kaba obìnrin láti ṣọ́ọ̀bù kí ó sì dé orí rọ́bọ́ọ̀tì oníke mọ́ ọn, ìtàn ò sì ní bá a bọ́ ọ. Ìran tó ń bọ̀ lè jẹ́ ti ẹni tó ń kú lọ, tó ń tú àṣírí ìjọba síta, orin arò ń lọ lábẹ́lẹ̀. Frank á kúnlẹ̀ tì í tìbànújẹ́-tìbànújẹ́, tòun ti kaba, tòun ti orí rọ́bọ́ọ̀tì. Máníjà súpámákẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, orí rẹ̀ ti dàrú, ó ń fi tírọ́lì tó so irin ṣóńṣó mọ́ lé èèyàn kiri. Nígbà tó ń kú lọ, ọjà rẹ̀ ló ń rò, kò ro ẹ̀mí ara rẹ̀.

Keiji Inafune ni olóòtú àgbà iṣẹ́ náà, Yoshinori Kawano ni olùdarí. Ọdún 1987 ni Inafune wọ Capcom, orúkọ géèmù Mega Man ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tó ń wá ni géèmù tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù á rà wìtìwìtì. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ takú. MT Framework, ẹ́ńjìnnì tuntun tí Capcom kọ́ fún ìran Xbox 360, ló jẹ́ kí sóḿbì lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n bí èrò ọjà ọjọ́ ọdún. Ọjà náà yá: kí ọdún 2006 tó parí, wọ́n ti kó ẹ̀dà tó lé ní mílíọ̀nù kan jáde. Ní Jámánì, àjọ tó ń fún géèmù ní ìwé ọjọ́ orí kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní fún un.

Ìráhùn wá bẹ̀rẹ̀, ti lẹ́tà ló sì ṣíwájú. Ọdún 2006 ni à ń sọ: àwọn tó ṣe géèmù náà ń wo tẹlifíṣọ̀n tuntun pẹlẹbẹ, èyí tó ń gbé àwòrán mímọ́ gaara, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á ṣì ní ti àtijọ́ nílé, èyí tó ní ẹ̀yìn gbọ̀ngbọ̀n bí àpótí aṣọ. Lójú tìyẹn, ọ̀rọ̀ Otis di èèrà tó ń tò lọ. Àwọn kan ń gbé àga sún mọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́ẹ̀ kan gíláàsì. Capcom gbà pé lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò tún un ṣe.

Ti ìpamọ́ ló tẹ̀ lé e. Àyè kan ṣoṣo ni wọ́n fún ọ. Bí o bá fi géèmù pamọ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí iṣẹ́ pàtàkì kan bọ́, tí ibẹ̀ sì jìnnà, o ti fọwọ́ ara rẹ tilẹ̀kùn mọ́ra, kò sí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó o lè padà sí. Bí o kò bá sì ráyè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo ohun tó o ti ṣe gbé nìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pariwo nítorí sóḿbì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbá a níbi tí iná ti ń lọ láìdágbére. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ mi wọgbó lálẹ́ ọjọ́ kan báyìí, ohun tó sì dùn mí jù ni pé ìloro ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ni Frank dúró sí.

Ti àwọn tó há sínú mọ́ọ̀lù tí à ń gbà là ńkọ́? O ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé ọ, wọ́n á yà bàrá wọ àárín sóḿbì bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìnáwó. Òmíràn ò lè rìn, o ní láti pọ̀n ọ́n. Òmíràn, àfi kó o fà á lọ́wọ́. Gbogbo yín á wá gba pápá àárín mọ́ọ̀lù kọjá, níbi tí ẹlẹ́wọ̀n mẹ́ta ti ń fi jíìpù ológun sáré kiri, tí wọ́n ń yìnbọn, tí orin ń lu gbàgà. O pa wọ́n lónìí, wọ́n á tún padà dé lọ́la.

Ibí ni ẹnu ò ti kò mọ́ láàárín àwọn tó ń gbá a. Àwọn kan dá géèmù náà padà sínú páálí, wọ́n ní ìyà ni, kì í ṣe eré. Àwọn tó ní sùúrù díẹ̀ kíyè sí nǹkan kan: bí o bá kú, géèmù náà á bi ọ́ bóyá o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kí agbára tó o ti kó jọ sì wà lára rẹ. Frank tó kú ní ìpele 9 á tún bọ́ sílẹ̀ sórí òrùlé ní ìpele 9, títí ó fi dé 50. Géèmù náà ò retí pé kó o ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ayò ló rí: òpè á kọ́kọ́ jẹ̀yà lọ́wọ́ ọ̀ta kó tó mọ ilé tí ọmọ pọ̀ sí. Nígbà kẹta, o ti mọ̀ pé ayùn kékeré oníná tó wà lọ́wọ́ aláwàdà kan ni kó o kọ́kọ́ lọ gbà, pé ìwé mẹ́ta kan ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìwé tí wọn ò ní jẹ́ kí ayùn náà tètè bàjẹ́ tó o bá gbé wọn sápò, pé omi ọsàn lo máa mu tó o bá fara gbọgbẹ́. O wá ń sáré kọjá ibi tó o ti sunkún lánàá.

Irú àwọn onísùúrù bẹ́ẹ̀ ló pa sóḿbì 53,594, iye èèyàn tó wà ní Willamette gẹ́lẹ́, kí wọ́n tó lè gba ìbọn ọwọ́ Mega Man. Irú wọn náà ló jókòó wákàtí 14 láìdìde kí Frank lè lo ọjọ́ méje nínú mọ́ọ̀lù, torí apá géèmù yẹn ò tiẹ̀ gbà kéèyàn fi nǹkan pamọ́ rárá. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ ohun tí wọ́n ṣe ni.

Èmi gbà pé aago wákàtí 72 yẹn ló ń mú ẹ̀rín wá. Kí ló ń pani lẹ́rìn-ín nínú wíwọ kaba? Pé ẹnì kan ń ké gbàmí ní òdìkejì mọ́ọ̀lù, tí ìwọ sì dúró níwájú dígí tó ò ń wo bó ṣe bá ọ mu. Bí kò bá sí ẹni tó ń dúró dè ọ́, aṣọ lásán ni.

Capcom ò rò ó bẹ́ẹ̀. Ìráhùn ni wọ́n tẹ́tí sí, wọ́n ń yọ ohun táwọn èèyàn ráhùn lé lórí kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe fún Wii, lọ́dún 2009, ló kọ́kọ́ burú: wọ́n dín sóḿbì kù, wọ́n yọ kámẹ́rà, oníròyìn ayafọ́tò di ẹni tí kò ní kámẹ́rà. Dead Rising 2, tí ilé iṣẹ́ kan ṣe ní Vancouver ní Kánádà lọ́dún 2010, mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Àyè ìpamọ́ di mẹ́ta, èèyàn lè so nǹkan méjì pọ̀ di ohun ìjà ìyanu, aago sì ṣì wà. Kódà bàbá tó jẹ́ akọni rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wá oògùn fún ọmọ rẹ̀ obìnrin lójoojúmọ́ kó má bàa di sóḿbì. Ẹ̀kẹta, lọ́dún 2013, dẹ okùn aago náà, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ líle lọ gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀.

Lóṣù Kejìlá ọdún 2016, ẹ̀kẹrin dé. Frank ti padà sí Willamette, ó wá di ọdún Kérésì, gbogbo ohun táwọn èèyàn ti ráhùn lé lórí ló ti lọ. Aago ti lọ. Àwọn wèrè bíi máníjà yẹn ti di òkú ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtàn lẹ́yìn. Ohùn Frank pàápàá ti yí padà. Òpin ìtàn gan-an, owó ọ̀tọ̀ lèèyàn máa san kó tó rí i. Ariwo tó sọ lọ́tẹ̀ yìí ju ti lẹ́tà kékeré lọ, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ẹnu àwọn tó ti ṣépè fún aago lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn wá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Capcom ti ilé iṣẹ́ Vancouver náà pa.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá tún ti àkọ́kọ́ ṣe pátá, Dead Rising Deluxe Remaster, lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Aago wákàtí 72 padà, ṣùgbọ́n géèmù ń fi ara rẹ̀ pamọ́, èèyàn lè ti aago síwájú tó bá sú u, àwọn tí à ń gbà là ti gbọ́n díẹ̀. Àwọn àgbà nínú àwọn tó ń gbá a ń kùn pé ó ti rọ̀ jù. Àwọn ọmọ tuntun ní ó tún le. Otis sì ti ní ohùn wàyí, Frank lè máa jà lọ bí bàbá náà ṣe ń sọ̀rọ̀.

Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbá a, ó pè nígbà tí sóḿbì mẹ́rin wà níwájú mi. Mo gbé e, mò ń fi bẹ́ńṣì lù wọ́n, ó ń sọ tirẹ̀. Ó sọ ọ́ tán, ó dákẹ́. Mo ti sáré dé ìdajì ọ̀nà kí n tó rí i pé mi ò gbọ́ ibi tó ní ẹni náà há sí.