Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Mẹ́mọ́rì Linux

Kámẹ́rà kékeré kan wà lórí tábìlì, wáyà USB ni wọ́n fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìpàdé ń lọ lọ́wọ́, àwòrán ń wọlé. Ọmọdé kan sáré kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ wáyà, wáyà sì já. Lójú ẹni tó jókòó síbẹ̀, àwòrán dúró, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ lágbára jù bẹ́ẹ̀. Dráífà kámẹ́rà náà ti gba àyè nínú mẹ́mọ́rì nígbà tí kámẹ́rà wọlé, ó sì dá a padà nígbà tí wáyà já. Ṣùgbọ́n áàpù ìpàdé kò tíì ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Àdírẹ́sì àyè yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún fẹ́ lọ ka nǹkan níbẹ̀. Tí ẹlòmíì bá ti gba àyè náà, nǹkan onínǹkan ni yóò kà, tàbí kó kọ ohun tirẹ̀ lé e lórí.

Lílò lẹ́yìn ìdápadà ni àṣìṣe yìí. Ó dà bí ayálégbé tó ti kó jáde tí kò dá kọ́kọ́rọ́ padà, tó wá ṣílẹ̀kùn lóru bá ayálégbé tuntun.

Dráífà tí à ń wí kì í ṣe dírẹ́bà ọkọ̀. Ògbufọ̀ ni, sọ́fítíwíà tó ń bá ohun èlò kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lórúkọ kọ̀ǹpútà: kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Wi-Fi. Bí áàpù lásán bá ṣìṣe, òun nìkan ló máa ń kú. Ṣùgbọ́n inú kernel, ìyẹn àárín gbùngbùn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, ni ọ̀pọ̀ dráífà ń gbé, kò sì sí ògiri láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá ṣubú, gbogbo ilé ló lè wó, bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ pé olè gba ibẹ̀ wọlé. Gbogbo ayé rí i ní ọjọ́ 19 oṣù keje, ọdún 2024. Dráífà ààbò ilé iṣẹ́ CrowdStrike lórí Windows gba àtúnṣe tuntun kan. Nǹkan 21 ni àtúnṣe náà ní kó yẹ̀ wò, 20 péré ni wọ́n kó fún un. Nígbà tó na ọwọ́ sí ìkọkànlélógún, inú mẹ́mọ́rì tí kì í ṣe tirẹ̀ ló na ọwọ́ sí. Microsoft ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ló dákú. Ọkọ̀ òfuurufú kò gbéra, ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ abẹ síwájú.

Ta ló wá ń ṣọ́ ibi tó léwu tó báyìí? Ní ti Linux, tó wà lábẹ́ gbogbo fóònù Android, àwọn tí wọ́n ń pè ní maintainer ni, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní alábòójútó. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Lónìí, dráífà nìkan ju ìdajì gbogbo kóòdù rẹ̀ lọ, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè ka gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, fáìlì kan wà láàárín kóòdù náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MAINTAINERS. Bí ìwé ìpín ilẹ̀ ló rí: apá kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe yóò fi ímeèlì ránṣẹ́ sí alábòójútó ibẹ̀. Ìyẹn yóò kà á, yóò dá a padà bí kò bá dáa, bó bá dáa yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, yóò sì gbé e lọ sókè títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Torvalds. Àtúnṣe kan kì í wọlé láìsí orúkọ ẹni tó lè dáhùn fún un. Láti 2004 ni ìfọwọ́sí yẹn ti di dandan.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ojú alábòójútó ń wá. Nígbà tí ohun èlò bá wọlé, dráífà yóò gba mẹ́mọ́rì, yóò gba ọ̀nà àtidé inú ohun èlò náà, yóò wá gba agogo tí ohun èlò yóò máa lù nígbà tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ. Ká ní agogo kò ṣeé gbà. Dráífà gbọ́dọ̀ dá ọ̀nà padà kó tó dá mẹ́mọ́rì padà, bí ẹni tó ń tú ẹrù láti òkè wá sílẹ̀. Bó bá gbàgbé ọ̀kan, mẹ́mọ́rì ń jò. Bó bá dá ohun kan padà lẹ́ẹ̀mejì, wàhálà ńlá ni. Èdè C, tí wọ́n fi kọ Linux, kò fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni ṣe èyí. Ojú ènìyàn ni wọ́n gbọ́kàn lé jù, lórí àìmọye dráífà.

Wọ́n kò káwọ́ gbera o. Ní 2007, kernel bẹ̀rẹ̀ sí í ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní devm: ohunkóhun tí dráífà bá gbà ní orúkọ ohun èlò kan, kernel fúnra rẹ̀ ni yóò dá a padà nígbà tí ohun èlò náà bá lọ. Ìtura ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí kámẹ́rà wa. Ohun èlò ti lọ, ẹni tó ń lò ó kò tíì lọ. Laurent Pinchart, tó ń tọ́jú dráífà kámẹ́rà USB, gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi àpérò kan ní Dublin ní 2022: ìtura yẹn gan-an ń mú kí àwọn ènìyàn dá mẹ́mọ́rì padà ṣáájú àkókò. Ẹni tó bá kẹ́yìn kúrò nínú yàrá ló yẹ kó pa iná, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ jáde.

Ibi tí èdè Rust ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Graydon Hoare ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Mozilla, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde ní 2015. Nínú Rust, mẹ́mọ́rì kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tó ni ín. Ẹlòmíì lè yá a lò, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ín bá fẹ́ lọ nígbà tí ẹni tó yá a kò tíì dá a padà, kọ̀ǹpáílà, ìyẹn atúmọ̀ tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, yóò kọ̀ jálẹ̀. Àṣìṣe náà kò ní dé ọ̀dọ̀ alábòójútó rárá. Miguel Ojeda ló ṣáájú iṣẹ́ mímú un wọ Linux, ó sì wọlé nínú ẹ̀dà 6.1 ní oṣù kejìlá ọdún 2022.

Ìjà tó tẹ̀ lé e gùn, ó sì lé àwọn ènìyàn rere kúrò nídìí iṣẹ́. Mi ò gbà pé agídí lásán ló mú àwọn alábòójútó èdè C takò ó. Ìbéèrè wọn nítumọ̀: bí mo bá yí apá tèmi padà lọ́la, ta ni yóò tún èyí tí wọ́n fi Rust kọ lé e lórí ṣe? Ẹni tó ti fi ogún ọdún gbé ẹrù kan lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè kí wọ́n tó gbé òmíràn kà á lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, Christoph Hellwig, tó ń tọ́jú nígbà náà apá tó ń jẹ́ kí ohun èlò kọ nǹkan sínú mẹ́mọ́rì fúnra rẹ̀, ní òun kò fẹ́ Rust nítòsí. Torvalds dá ẹjọ́ náà: alábòójútó tí kò fẹ́ Rust kò ní láti fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ fún ẹni tó kàn ń lo kóòdù rẹ̀. Ìdájọ́ tó tọ́ ni, lójú tèmi. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, àwọn alábòójútó fẹnu kò ní Tokyo pé Rust kì í ṣe ohun ìdánwò mọ́.

Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n kéde àléébù ààbò àkọ́kọ́ nínú apá tí wọ́n fi Rust kọ, nínú Binder, èyí tí áàpù Android fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọwọ́ méjì bọ inú àkójọ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú Rust, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tí kọ̀ǹpáílà kò lè jẹ́rìí sí gbọ́dọ̀ kọ “unsafe” síbẹ̀, bí ẹni tó ri ọ̀pá àmì mọ́ ẹ̀bá kànga. Kernel kò lè ṣe kó má ní irú ibẹ̀. Àárín àmì yẹn ni àṣìṣe náà wà. Alábòójútó tó jẹ́ pé gbogbo oko ló ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀ wá mọ ẹ̀bá kànga tó yẹ kó dúró sí. Google sọ pé nínú àléébù ààbò Android, ti mẹ́mọ́rì já wálẹ̀ láti ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2019 sí ìdá 24 ní 2024, lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú èdè báyìí kọ kóòdù tuntun.

Kóòdù àtijọ́ ńkọ́? Nínú fáìlì MAINTAINERS, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń sọ ipò rẹ̀. Àwọn kan ní ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti tọ́jú wọn, àwọn kan ní ẹni tó ń bẹ̀ wọ́n wò nígbà tí àyè bá gbà á. Lára àwọn kan, ohun tí wọ́n kọ ni “Orphan”, ọmọ òrukàn. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ti lọ, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rọ́pò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá so irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà lónìí, kernel yóò gbé dráífà rẹ̀ dìde, yóò sì fún un ní mẹ́mọ́rì láàárín àwọn yòókù.