Ibi Tí Fíìmù Àtijọ́ Ń Sọnù Sí

Púpọ̀ nínú fíìmù Yorùbá àtijọ́ tí à ń wò lórí YouTube, àwòrán wọn ṣú, ohùn wọn sì ń fọ́. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá, ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára. Aiyé tí Hubert Ogunde gbé jáde ní 1979 àti Jáiyésinmi tó tẹ̀ lé e ní 1980, fíìmù sinimá gidi ni wọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa ló bà wọ́n jẹ́.

Lákòókò yẹn, òkè òkun ni àwọn tó ń ṣe fíìmù nílùú wa sábà máa ń kó o lọ fọ̀, Lọ́ńdọ̀nù pàápàá. Négátíìfù, ìyẹn ìyá tí wọ́n fi ń tẹ gbogbo ẹ̀dà, a sì máa wà lọ́hùn-ún. Ẹ̀dà díẹ̀ ló ń wálé, òun ni wọ́n ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú, bó bá sì ṣe ń gba inú ẹ̀rọ kọjá ló ń bàjẹ́ sí i.

Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé. Ọ̀run Móoru, fíìmù Baba Sàlá ti 1982, bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń dà á kọ láìgbàṣẹ, àdánù ńlá sì ni fún bàbá náà. Ṣùgbọ́n àwòrán náà pàdánù tirẹ̀. Bí a bá da kásẹ́ẹ̀tì kan kọ sínú òmíràn, ó dín díẹ̀. Bí a bá tún da ẹ̀dà yẹn kọ, ó tún dín. Kásẹ́ẹ̀tì kì í bí ọmọ tó jọ ọ́ tán.

Sídíì tó gbòde tẹ̀ lé e kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, ìdí nìyẹn tí fíìmù kan fi ń gba méjì. Kí ó tó lè wọlé, wọ́n ní láti fún àwòrán pọ̀, kí wọ́n sì ju àwọn ohun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ nù: ìlà ojú, ọnà ara aṣọ. DVD dára jù ú lọ, àmọ́ bó bá jẹ́ pé inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti dà á kọ, ohun tó ti lọ kò ní padà. Bákan náà ni YouTube.

Inú négátíìfù tàbí ẹ̀dà tó mọ́ nìkan ni àwòrán ti lè mọ́ padà. Wọ́n rí ẹ̀dà Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, nínú ibi ìkófíìmùpamọ́ ìjọba ní Jọ́ọ̀sì. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2018. Ti Olúwa Nilẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1993 kò ní négátíìfù ní tirẹ̀, nítorí orí fídíò ni wọ́n ti yà á. Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ni ìyá rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì kì í sì í tọ́jọ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin wa. Ilé-iṣẹ́ Funai ti ilẹ̀ Japan, tó ṣe ẹ̀rọ VHS tí a fi ń wò ó kẹ́yìn, ti dáwọ́ ṣíṣe é dúró láti 2016. Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn òbí rẹ̀ fi pamọ́, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti bu. Bó bá ti bu, kí ó má tì í bọ ẹ̀rọ kankan. Kí ó gbé e fún ẹni tó mọṣẹ́, kí wọ́n dà á sórí kọ̀ǹpútà, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ síbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.