Afẹ́fẹ́ Tó Ń Jáde Lára Òkúta Akọ

Ìyá kan bi wá léèrè ọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní Kútọnu ló sọ fún un pé òkúta akọ tí ilé wọn jókòó lé máa ń tú afẹ́fẹ́ burúkú jáde. Ó ní: "Ṣé kí n kó kúrò nílé ọkọ mi ni?" Rárá, ìyá, ẹ má kó. Àmọ́ irọ́ kọ́ lọmọ yín pa.

Rádọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pe afẹ́fẹ́ náà. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, ẹnu ò lè tọ́ ọ wò. Nínú òkúta akọ, irú èyí tó wà lórí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà, ohun kékeré kan wà tó ń jẹ́ úráníọ̀mù. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yí padà títí á fi di rádíọ̀mù, rádíọ̀mù náà á wá di rádọ́ọ̀nù. Òkúta méjì lè jọra lójú, kí úráníọ̀mù inú ọ̀kan pọ̀ ju ti èkejì lọ. Ẹ̀rọ ló ń wọ̀n ọ́n, ojú ò lè mọ̀ ọ́n.

Báwo ló ṣe ń jáde? Ẹ mú òkúta akọ tó fọ́, ẹ wò ó dáadáa: ẹ ó rí hóró funfun, hóró dúdú, hóró tó ń dán, gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ra. Inú hóró yìí ni rádọ́ọ̀nù ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣe ń dé báyìí ló máa ń ta, bí ẹ̀wà gbígbẹ ṣe ń ta kúrò nínú èèpo. Èyí tó bá wà létí hóró á ta bọ́ sínú àlàfo. Èyí tó wà láàárín, ibẹ̀ ló máa há sí. Nítorí náà, bí hóró bá kéré, tí òkúta sì ti sán tàbí tó ti ń jẹrà di iyanrìn, ohun tó ń tú sílẹ̀ á pọ̀ sí i.

Omi ń kọ́? Ọ̀rọ̀ omi lójú méjì. Bí àlàfo bá gbẹ táútáú, rádọ́ọ̀nù tó ta lè sáré kọjá lọ wọnú hóró kejì, kó há síbẹ̀. Bí ọ̀rinrin díẹ̀ bá wà, omi á dá a dúró, á wá rọ́nà gòkè. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ títí tí omi kún gbogbo àlàfo, ọ̀nà dí nìyẹn.

Kò sì ní àkókò púpọ̀. Ẹ fi wé apẹ̀rẹ̀ tòmátì: kó tó pé ọjọ́ mẹ́rin, ìdajì rẹ̀ ti lọ, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sí i, ìdajì èyí tó kù. Èyí tó wà nísàlẹ̀ jìnnà tí kò rí ibi tó sán gbà kì í dé òkè.

Níta, atẹ́gùn ń gbé e lọ. Inú yàrá ni wàhálà wà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ilé máa ń gba òkè jáde, á sì máa fa ti inú ilẹ̀ wọlé gba ojú ibi tí ilẹ̀ yàrá ti sán. Lóru ọyẹ́, a ti ilẹ̀kùn, a ti fèrèsé, ó wá kóra jọ sọ́dọ̀ wa. Bó bá bàjẹ́ tán, ohun tó fi sílẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè fa jẹjẹrẹ níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn sìgá, òun ló tún ń fà á jù ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá ń mu sìgá nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ewu tirẹ̀ pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Lọ́dún 1984, ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ kan wà ní ilé-iṣẹ́ iná tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìtànṣán lára òṣìṣẹ́ ń ké ṣáá bó bá kọjá. Wọ́n rò pé ibi iṣẹ́ ló ti kó o, àṣé ilé rẹ̀ ni. Òkúta tó wà lábẹ́ ilé ló ń tú rádọ́ọ̀nù síbẹ̀.

Ìyá, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe kò le. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ibi tí ilẹ̀ yàrá ti sán. Ẹ ṣí fèrèsé láràárọ̀, kódà nígbà ọyẹ́. Mo mọ̀ pé eruku á wọlé, ẹ gbá a. Kí bàbá jáde síta mu sìgá rẹ̀, bí kò bá lè fi í sílẹ̀. Omi pọ́ǹpù tó wá láti inú òkúta, ẹ dà á láti garawa kan sí òmíràn kẹ́ ẹ tó mu ún, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde.

Ẹ̀yin ìyá tó ń fọ́ òkúta létí títì, ìta lẹ wà, rádọ́ọ̀nù kọ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Eruku ni. Ẹ wọ́n omi sí òkúta kẹ́ ẹ tó fọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì jókòó síbi tí atẹ́gùn ò ti ní gbé eruku wá sójú yín.