Ìkíni àti Ìdágbére Lédè Sípáníìṣì

Orílẹ̀-èdè 20 ló fi èdè Sípáníìṣì ṣe èdè ìjọba. Púpọ̀ nínú wọn wà lókè òkun, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò jìnnà sí wa rárá: Equatorial Guinea, tó gba òmìnira lọ́wọ́ Sípéènì ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1968. Erékùṣù Bioko tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn àgbà ń pè ní Fernando Po, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti lọ ṣe lébìrà nínú oko kòkó láyé àtijọ́. Ẹni tó bá ń lọ sí èyíkéyìí nínú àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí kò ní láti gbọ́ èdè wọn tán kó tó gbéra. Kó ṣáà ti mọ̀ wọ́n kí, wọn á fara da ìyókù.

Ìkíni wọn kò pọ̀ tó tiwa. Kò sí ti ìjókòó, kò sí ti ìdúró. Mẹ́ta ló ń bá àsìkò rìn: buenos días láàárọ̀, buenas tardes lọ́sàn-án, buenas noches lálẹ́. Ibi tí wọ́n pààlà sí ló máa ń rú àlejò lójú. Ní Mẹ́síkò, aago 12 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń parí òwúrọ̀. Ní Sípéènì, oúnjẹ ọ̀sán ló ń parí rẹ̀, aago 2 sì ni ọ̀pọ̀ wọn tó ń jẹ ẹ́. Ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù ní aago 1 tí wọ́n kí i ní buenos días, kó má rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìrọ̀lẹ́ kò ní ìkíni tirẹ̀. Buenas tardes ni wọ́n ń wí títí ilẹ̀ á fi ṣú, bẹ́ẹ̀ ní Madrid, lóṣù Kẹfà, oòrùn máa ń kọjá aago 9 àbọ̀ kó tó wọ̀. Buenas noches ní tirẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì: “ẹ kú alẹ́” ni fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, “ó dàárọ̀” ni fún ẹni tó ń lọ sùn.

Hola kò mọ àárọ̀, kò mọ alẹ́. Ọ̀rẹ́ ló ń fi kí ọ̀rẹ́. H iwájú rẹ̀ kì í dún: “óla” ni wọ́n ń pè é. V wọn ń dún bí b, èyí tó dẹ ahọ́n wa lọ́rùn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á béèrè àlàáfíà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ti wọlé. ¿Cómo estás? ni fún ẹni tí à ń pè ní “ìwọ”, ¿Cómo está usted? fún ẹni tí à ń pè ní “ẹ̀yin”. Ìdáhùn kò gùn: Bien, gracias. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni wọ́n ń wò. Ní Sípéènì, ọmọ ogún ọdún lè pe ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní tú, ìyẹn “ìwọ”, tí ọ̀gá kò sì ní bínú. Ní Bogotá, ọ̀rẹ́ ń pe ọ̀rẹ́ ní usted láìsí ìjà láàárín wọn. Ní Argentina, vos ni wọ́n ń lò dípò tú. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi usted bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni náà bá ní “tutéame”, ó ti yọ̀ǹda fún yín láti lo tú nìyẹn.

Ìdọ̀bálẹ̀ kò sí. Obìnrin àti obìnrin, tàbí ọkùnrin àti obìnrin, á fẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ara wọn lẹ́ẹ̀mejì ní Sípéènì, lẹ́ẹ̀kan ní Mẹ́síkò àti Argentina. Àwọn ọkùnrin Argentina ń ṣe é láàárín ara wọn pẹ̀lú. Bí ara yín kò bá gbà á, ẹ tètè na ọwọ́.

Ibi tí wọ́n ti jọ wá jù ni láàárín àwọn tí kò mọra. Ìyá àgbà kan wọ yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà ní Sípéènì. Kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ó ní “Buenos días” sí gbogbo ilé, àwọn tó tẹjú mọ́ fóònù kò gbójú sókè, síbẹ̀ gbogbo wọn kùn ún padà: “Buenos días.” Nígbà tó ń jáde, ó ní “Hasta luego”, bí ẹni pé yóò tún rí wọn kó tó dalẹ́. Kò ní rí wọn, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Mẹ́síkò, ẹni tó jẹun tán ní ilé oúnjẹ tó ń jáde lọ á wí “provecho”, ìyẹn “á gba ibi ire”, fún tábìlì àwọn tí kò mọ̀ rí.

Hasta luego yìí ni ìdágbére ojoojúmọ́. Hasta mañana ni “ó dọ̀la”. Chao ni ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Adiós wúwo díẹ̀, ó yẹ ìrìn àjò tó jìn, àyàfi pé àwọn ará abúlé Sípéènì ń fi kí ẹni tí wọ́n pàdé lọ́nà láìdúró. Hasta la vista tí gbogbo ayé mọ̀ láti inú fíìmù Terminator 2 ọdún 1991, ẹ má gbójú lé e. Nígbà tí wọ́n tún fíìmù náà sọ lédè wọn ní Sípéènì, “sayonara” ti àwọn ará Japan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Kúbà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. “¿Qué bolá?”, ìyẹn “báwo ni?”, ni wọ́n ń bi ara wọn ládùúgbò, òun náà sì ni Obama kọ sórí Twitter nígbà tó gúnlẹ̀ sí Havana lóṣù Kẹta ọdún 2016. Nílé babaláwo ní Havana ẹ̀wẹ̀, Iború, iboya, ibochiché ni ìkíni. Ẹni tó bá ti gbọ́ àbọrú àbọyè rí kò nílò ògbufọ̀.

Bí ọdún bá yí, Feliz Año Nuevo ni. Ẹ fi àmì sórí n inú año o, torí ano láìsí àmì jẹ́ ihò ìdí. Bí ẹ kò bá rí ñ lórí fóònù, ẹ tẹ n mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á yọjú.